Oòrùn àti Òórùn: Ohun Tí Ìtànṣán UV Ń Ṣe Nínú Ewé Efinrin

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń gbé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ó gbin efinrin sínú ìkòkò kan, ó gbé e sójú fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀ níbi tí oòrùn ti máa ń wọlé láàárọ̀. Ewé náà tutù yọ̀yọ̀, ó tiẹ̀ fẹ̀ ju ti ẹ̀yìnkùlé wa n'Íbàdàn lọ. Àmọ́ lọ́jọ́ tó já díẹ̀ níbẹ̀ pé kó fi sebẹ̀, ó pè mí lórí WhatsApp. "Àbúrò mi, ewé lásán ni mo gbìn o. Mo rún un lọ́wọ́, mo gbé e símú, ó ń rùn bíi koríko." Ó ń bomi rin ín, oòrùn ń dé ibẹ̀, ó tún bu ajílẹ̀ sí i. Kí ló wá kù?

Ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tó kù ni irú ìtànṣán kan tí dígí fèrèsé kì í jẹ́ kó wọlé. Ultraviolet ni wọ́n ń pè é, UV ni ìkékúrú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dojú rú, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ wa ti gbọ́ ni pé UV ń ba awọ ara jẹ́, pé ó ń fa jẹjẹrẹ awọ ara. Báwo ni ohun tó ń ba ara jẹ́ yóò ṣe mú kí ewé ta sánsán? Àwọn mìíràn sì ti gbọ́ apá kejì ọ̀rọ̀ náà, pé oòrùn ló ń fi òróró sínú ewé, wọ́n wá gbà pé bí oòrùn bá ṣe mú tó ni òróró yóò ṣe pọ̀ tó. Àmì ohùn nìkan ló ya oòrùn àti òórùn sọ́tọ̀ lẹ́nu àwa Yorùbá, ṣùgbọ́n nínú ewé, ọ̀nà tó wà láàárín àwọn méjèèjì gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí òjò bá dá tí òṣùmàrè yọ, a máa ń rí i pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ó bẹ̀rẹ̀ láti pupa, ó parí sí àlùkò. Ibi tí ojú wa parí iṣẹ́ sí nìyẹn, ìmọ́lẹ̀ kò parí síbẹ̀. Ní 1801, ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Johann Wilhelm Ritter fi dígí onígun mẹ́ta pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọn àwọ̀ wọ̀nyí, ó wá gbé irú iyọ̀ fàdákà kan tí ìmọ́lẹ̀ máa ń sọ di dúdú sábẹ́ wọn. Ibi tí iyọ̀ náà ti tètè dúdú jù lọ ni ẹ̀yìn àlùkò, níbi tí òun fúnra rẹ̀ kò ti rí ìmọ́lẹ̀ kankan. Ìtànṣán ẹ̀yìn àlùkò yìí ni UV.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí. Nánómítà ni wọ́n fi ń wọn gígùn ìgbì rẹ̀, bílíọ̀nù kan nánómítà ló sì wà nínú mítà kan. UV-A wà láàárín 315 sí 400, UV-B láàárín 280 sí 315, UV-C láàárín 100 sí 280. Bí ìgbì bá ṣe kúrú tó ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe le tó. A dúpẹ́ pé irú afẹ́fẹ́ kan tó ń jẹ́ ozone tó wà lókè lọ́hùn-ún ń gba gbogbo UV-C dúró, ó sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú UV-B. Nínú UV tó ń dé ilẹ̀ níbi tí èmi àti ẹ̀yin wà, nǹkan bíi 95 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ UV-A. UV-B kò ju ìba díẹ̀ lọ, ìba díẹ̀ yẹn gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Ẹ jẹ́ ká fi oòrùn sílẹ̀ ná, ká wo ewé. Ẹ já efinrin kan, ẹ má rún un, ẹ gbé e símú. Òórùn rẹ̀ kò ní pọ̀. Ẹ wá rún un, òórùn á bo gbogbo yàrá. Ìdí ni pé òróró náà kò tàn ká inú ewé bí omi ṣe tàn ká inú kànrìnkàn. Inú àwọn àpò wẹ́wẹ́ ló wà, lójú ewé lókè àti nísàlẹ̀, àwọn àpò tó kéré débi pé èèyàn nílò awò tó ń mú nǹkan tóbi kó tó rí wọn dáadáa. Lára efinrin, àwọn tó tóbi nínú wọn dà bí olú kúkúrú tí orí rẹ̀ jẹ́ sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ló ń ṣe òróró, wọ́n á tì í sókè sí abẹ́ awọ fẹ́lẹ́ tó bo orí wọn, awọ yẹn á wá wú bíi bàlúù. Bí ìka wa bá fọ́ ọ, òróró á jáde, á fẹ́ sínú afẹ́fẹ́. Ti ọsàn yàtọ̀ díẹ̀, nítorí inú èèpo ni àpò tirẹ̀ wà, kì í ṣe lórí. Ẹni tó bá dàgbà nílé tí wọ́n ti ń tan fìtílà á rántí bí a ṣe máa ń fún èèpo ọsàn sí iná kó lè ta pàrà. Òróró olóòórùn nìyẹn ń jóná, a kàn mọ̀ ọ́n sí eré ni.

Nínú àwọn àpò yìí, ìdílé èròjà méjì ló ṣe pàtàkì. Àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní terpene. Linalool tó ń mú efinrin òyìnbó, èyí tí wọ́n ń pè ní basil, rùn dídùn wà níbẹ̀. Cineole tí ó jẹ́ òórùn eucalyptus wà níbẹ̀, menthol inú ewé mint wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni citral inú kooko ọba tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ewé tíì. Thymol tó ń ta ní imú láti inú efinrin ńlá ti ẹ̀yìnkùlé wa, ìdílé yìí náà ni. Ìdílé kejì ń jẹ́ phenylpropanoid. Ẹni tó mọ òórùn kànáfùrù ti mọ eugenol, ọ̀kan lára wọn, ó sì wà nínú oríṣi efinrin kan náà. Ojú ọ̀nà tí ewé ń gbà ṣe ìdílé kejì yìí ló tún ń gbà ṣe àwọn èròjà tí a ń pè ní flavonoid, tó máa ń tò sí awọ òkè ewé láti gba UV dúró. Ìpara ààbò oòrùn ti ewé fúnra rẹ̀ ni flavonoid, bí melanin ṣe jẹ́ tiwa.

Ibí yìí ni àṣìṣe kan ti máa ń wọlé. Ọ̀pọ̀ àlàyé tí mo ti kà sọ pé ewé ń ṣe òróró kí òróró lè bò ó lọ́wọ́ UV. Ìyẹn fẹ́ jóòótọ́ fún eugenol àti àwọn ẹbí rẹ̀, nítorí wọ́n lè gba UV-B sára. Ṣùgbọ́n linalool, menthol àti cineole kì í gba UV-B sára tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fi wọ́n ṣe agbòòrùn, oòrùn á kọjá lára wọn bí ẹni ń gba ojú ọ̀nà. Iṣẹ́ tí ewé ń fi wọ́n ṣe jẹ mọ́ lílé kòkòrò àti dídènà èbu. Ṣebí àwa náà ń fi efinrin lé ẹ̀fọn. Kí ló dé tí UV-B fi wá ń mú kí àwọn náà pọ̀ sí i?

Láyé àtijọ́, ọba lè di owó ẹyọ mélòó kan mọ́ ìyẹ́, kó fi ránṣẹ́ sí ọba mìíràn. Ẹni tó bá gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kì í gbé e lọ sọ́jà láti ná an. Àrokò ni, ó ń kà á ni, á sì gbé ìgbésẹ̀ lórí ohun tó kà. UV-B jẹ́ àrokò lọ́wọ́ ewé. Kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ pupa àti búlúù ni ewé fi ń se oúnjẹ, UV-B tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan tí èèyàn ń fi ṣe ọrọ̀. Ohun tó ń jẹ́ fún ewé ni pé: o ti bọ́ sí gbangba, oòrùn ń bẹ lórí rẹ, múra.

Ẹni tó ń ka àrokò náà ní orúkọ. Purotéènì kan ni, UVR8, tí àwọn onímọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2011 pé òun ni ojú tí ewé fi ń rí UV-B. Inú ewéko kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Arabidopsis, ìbátan kábéèjì, ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà. Bí UV-B kò bá sí, UVR8 méjì á dì mọ́ra bí ìbejì. Bí UV-B bá bà wọ́n, wọ́n á tú ká, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á lọ bá purotéènì mìíràn tó ń jẹ́ COP1. Iṣẹ́ COP1 tẹ́lẹ̀ ni láti máa rí i pé wọ́n ń ba òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ HY5 jẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì. Ní báyìí tí UVR8 ti di COP1 mú, HY5 á ráyè, á lọ ṣí àwọn jíìnì, ìyẹn àwọn ìtọ́ni inú sẹ́ẹ̀lì, tó wà ní títì. Lára ohun tí wọ́n ń ṣí ni ọ̀nà flavonoid yẹn àti àwọn irinṣẹ́ tí ewé fi ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ìlànà ìmúra gbogbogbòò ni, kì í ṣe agbòòrùn nìkan. Ewé tó gbọ́ pé oòrùn ń bẹ níta máa ń múra sílẹ̀ de kòkòrò pẹ̀lú, nítorí ọ̀nà ìránṣẹ́ méjèèjì máa ń pàdé nínú sẹ́ẹ̀lì.

Ní 1999 àti 2002, àwọn onímọ̀ kan gbé èsì ìwádìí jáde lórí basil tí wọ́n gbìn sábẹ́ dígí, bíi ti ẹ̀gbọ́n mi gẹ́lẹ́. Ní ti àkọ́kọ́, wọ́n fi iná UV-B kún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fún ìwọ̀nba wákàtí lójúmọ́, òróró inú ewé pọ̀ sí i, ti ìdílé méjèèjì. Èyí tó tẹ̀ lé e ní 2002 ló wù mí jù, nítorí wọ́n wo àwọn àpò náà fúnra wọn. Lára basil tí kò rí UV-B rárá, àpò òróró ti wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó hunjọ bí bàlúù tí atẹ́gùn kò kún, òróró inú rẹ̀ kò kún un. Nígbà tí wọ́n tan UV-B sí i, láàárín ọjọ́ mẹ́rin péré, àpò ti kún, ó ti rí bó ṣe yẹ kó rí. Lẹ́yìn ìyẹn, púpọ̀ nínú àwọn ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ fúnra wọn, tí òórùn ń jáde láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ kíyè sí ohun tí kò yí padà: iye àpò kò pọ̀ sí i. UV-B kò kọ́ ilé tuntun, ó kàn ní kí wọ́n kó ẹrù sínú èyí tó wà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti hàn báyìí. Dígí fèrèsé lásán ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí kọjá, ó ń jẹ́ kí UV-A tó pọ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo UV-B dúró. Ewé rẹ̀ ń jẹun, ó ń sanra, àrokò nìkan ni kò dé. Mi ò ní sọ pé ìyẹn nìkan ni o. Oòrùn Lọ́ńdọ̀nù nínú oṣù kejì kì í ṣe oòrùn Ìbàdàn, òtútù ń dín òróró kù, ajílẹ̀ tó ń bù sí i náà lè mú kí ewé kàn máa fẹ̀ lásán. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n mú ẹyọ kan, dígí ni mo máa mú.

Ṣé kí a wá máa da UV-B bo ewé bí ẹni da omi ni? Rárá o. Àrokò kan náà tó ń kìlọ̀ wá pẹ̀lú idà lọ́wọ́. UV-B máa ń so àwọn ẹ̀ka DNA, èròjà tí a kọ ìtọ́ni inú sẹ́ẹ̀lì sí, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pọ̀ níbi tí kò yẹ kí wọ́n so mọ́ra. Bí ó bá pọ̀, ewé á kéré, á nípọn, á kákò, etí rẹ̀ lè jó. Ewé tó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ tún ara ṣe kò ní dàgbà. Ẹni tó ń ta òróró gbọ́dọ̀ fi ìṣirò sí i. Ká ní ọgọ́rùn-ún kílò ewé ló ká, tí kílò kọ̀ọ̀kan mú gíráàmù 5 òróró wá, gíráàmù 500 ló ní. Bí UV bá mú kí kílò kan di gíráàmù 6, ṣùgbọ́n tí ewé wá dín kù sí kílò 70, gíráàmù 420 ló kù. Ẹni tó ṣe ìwádìí á kọ̀wé pé òróró lọ sókè, òótọ́ ló sọ. Àgbẹ̀ á ní òun pàdánù, òótọ́ lòun náà sọ. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn tó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí ni mo rò pé ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹnì kan ń ka òróró inú kílò kan, ẹlòmíràn ń ka òróró inú oko.

Ìdí mìíràn tí èsì fi máa ń tako ara wọn ni pé ewé nílò ìmọ́lẹ̀ búlúù àti UV-A láti tú DNA tó so mọ́ra yẹn ká. Nínú yàrá tí iná funfun rẹ̀ kò lágbára, ìwọ̀n UV-B tí kò ní ṣe ewé ìta ní nǹkan kan lè jó ewé inú yàrá náà. Abájọ tí mint inú yàrá àti mint inú oko kì í fi sọ ìtàn kan náà.

Àwa tó wà nílé ńkọ́? Ìsọ̀rí tó ga jù nínú òṣùwọ̀n UV tí àjọ ìlera àgbáyé WHO ń lò ni 11 sókè, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní àṣejù. Ẹ̀bá ìlà ìdajì ayé la wà, níbi tí ozone ti fẹ́lẹ́ jù, tí oòrùn sì máa ń dúró ṣánṣán lórí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, lóṣù kẹrin àti lóṣù kẹsàn-án. Lọ́sàn-án tí ojú ọ̀run mọ́, kò ṣòro láti kan 11 yẹn. Ìkùukùu fẹ́lẹ́ kò lè dí i lọ́wọ́ púpọ̀, eruku ọyẹ́ ló máa ń dín in kù díẹ̀. Efinrin tó wà ní gbangba nílẹ̀ wa ti gba àrokò rẹ̀ kó tó dàgbà, kò sí ohun tí iná UV kankan fẹ́ fi kún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá ni àwọn ilé ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní greenhouse, tó ti ń pọ̀ sí i. Ọ̀rá lásán ń jẹ́ kí UV-B kọjá, àmọ́ oòrùn á tètè gé e wẹ́wẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe é fi ń po èròjà tó ń gba UV dúró mọ́ ọn. Ohun tó ń dáàbò bo ọ̀rá lè di ohun tó ń dí efinrin létí. Fún tòmátì, kò burú. Ẹni tó bá fẹ́ gbin ewé olóòórùn síbẹ̀ kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ọ̀rá bóyá ó ń jẹ́ kí UV-B wọlé. Bó bá lè gbìn ín síta, kó gbìn ín síta.

Ní Faransé, àwọn tó ń gbin lavender, ewéko olóòórùn kan, lórí òkè Provence máa ń sọ pé gíga òkè ló mú kí tiwọn dára jù. Òótọ́ ni pé UV ń fi nǹkan bí 10 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i bí èèyàn bá gun òkè 1,000 mítà. Ṣùgbọ́n irú lavender tó wà lókè yàtọ̀ sí lavandin, ẹbí rẹ̀, tó wà nísàlẹ̀, òtútù alẹ́ sì yàtọ̀. Mi ò ní fi gbogbo ẹ̀ gbé UV lọ́rùn.

Lọ́gán tí a bá ti já ewé, UV kì í ṣe ọ̀rẹ́ mọ́. Ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn ń ba limonene inú òróró ọsàn jẹ́, ó lè di ohun tó ń mú awọ ara yún. Ìdí nìyí tí òróró gidi fi máa ń wà nínú ìgò aláwọ̀ igi tó ṣókùnkùn, tí àwọn ìyá wa sì máa ń sá ewé àgbo sábẹ́ òjìji dípò ojú oòrùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ kí ó ṣọ́ra: èròjà kan wà nínú èèpo rẹ̀ tó jẹ́ pé bí ó bá wà lọ́wọ́ tí èèyàn bọ́ sójú oòrùn, UV-A á mú kí ibẹ̀ jó bí iná, àpá dúdú rẹ̀ sì lè pẹ́.

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti rí iná UV kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó pọ́ọ̀kú, ṣé kí òun rà á. Mo ní, "Ẹ má rà á o, ẹ̀gbọ́n mi." Iná tí wọ́n fi ń yẹ owó wò àti èyí tí wọ́n fi ń gbẹ èékánná, UV-A ni wọ́n, UVR8 kò ní yíjú sí wọn. Èyí tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn sì jẹ́ UV-C ní nánómítà 254, ewé kọ́ ni wọ́n ṣe é fún, ó lè ba ojú èèyàn jẹ́. Mo ní kí ó dúró di oṣù kẹfà, kó máa gbé ìkòkò náà síta díẹ̀díẹ̀, wákàtí kan lónìí, méjì lọ́la, nítorí ewé tó ti pẹ́ lẹ́yìn dígí kò ní ìpara ààbò lára, oòrùn ojijì lè bó o.

Ó fi í sí bálíkónì. Lọ́jọ́ kẹjọ ó fi ohùn ránṣẹ́, gbogbo ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé òun ń wá ẹja.